Orí Kẹfà: Ẹ̀wà Kì Í Ṣe Ẹran Tálákà

Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní jímù lónìí, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi sọ fún un pé àfi kó máa jẹ ẹyin láàárọ̀, kó jẹ adìyẹ lọ́sàn-án, kó sì ra ike páúdà ńlá kan tí owó rẹ̀ lè bọ́ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká gbogbo èyí á gbà pé òun kò lè ní apá tó yi láéláé. Nílé, ẹ̀wà ni oúnjẹ ìparí oṣù, ìgbà tí owó ọwọ́ ti ń lọ sópin. A ti gbà láàárín ara wa pé ẹran ló ń di ẹran lára èèyàn, pé ẹ̀wà wà fún ẹni tí kò rówó ra ẹran.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Oúnjẹ tó ti inú ilẹ̀ jáde lè mọ iṣan tó lágbára, bí ó bá pọ̀ tó, bí a bá dà á pọ̀ bó ṣe yẹ, bí a bá sè é dáadáa, tí a sì ń fi ara ṣiṣẹ́. Nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí ni orí yìí dá lé. A óò sì sọ ohun tí ewéko kò lè fún wa, nítorí òtítọ́ tí a bá gé sí méjì kì í ṣe ara lóore.

Bí iṣan ṣe ń dàgbà

Iṣan tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹran ara tó bo egungun wa ni, èyí tó ń súnkì tó sì ń nà kí apá lè ká, kí ẹsẹ̀ lè gbé wa rìn. Nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iṣan ló jẹ́ omi. Pùrótéènì, tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní èròjà amáradàgbà, kó nǹkan bí ìdá 20.

Iṣan kì í dúró sójú kan. Lójoojúmọ́ ni ara ń tú díẹ̀ palẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń mọ òmíràn dípò. Bí èyí tí ara ń mọ bá ju èyí tó ń tú lọ, iṣan á máa tóbi sí i. Bí èyí tó ń tú bá pọ̀ jù, èèyàn á máa rù. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń sún ara láti mọ púpọ̀. Nígbà tí a bá gbé ohun tó wúwo, tí a ti ara wa sókè láti ilẹ̀, tàbí tí a roko títí apá fi rẹ̀ wá, iṣan á gba ìpè pé ẹrù yìí ju òun lọ. Ìpè náà kì í tán lára fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Láàárín àkókò yẹn ni oúnjẹ máa ń wúlò jù. Ẹni tó ń jẹ pùrótéènì púpọ̀ tí kò sì ń ṣe iṣẹ́ agbára kankan kò ní rí apá tó ń wá, nítorí ara á sun ohun tó ṣẹ́ kù bí epo, tàbí kó tò ó pamọ́ bí ọ̀rá.

Ara kì í lo pùrótéènì ní odidi. Inú ikùn àti ìfun ni wọ́n ti ń tú u sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà la sì ń pè ní amínò ásíìdì. Oríṣi 20 ni ara ń lò. Ó lè fúnra rẹ̀ ṣe 11 nínú wọn. Mẹ́sàn-án tó kù, àfi kí wọ́n bá oúnjẹ wọlé. Ara kò sì bìkítà bóyá ara màlúù ni wọ́n ti wá tàbí ara ẹ̀wà olóyin. Bí wọ́n bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àwọn kan nínú mẹ́sàn-án náà kò sí nínú ewéko rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà nínú ẹ̀wà, nínú àgbàdo, nínú ìrẹsì, nínú ẹ̀pà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan lè kéré níbí, kí òmíràn kéré lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká wo aránṣọ tó fẹ́ wọ àwọn ọkùnrin láṣọ fún ìgbéyàwó. Bí ó bá ní àgbádá mẹ́wàá, bùbá mẹ́wàá àti ṣòkòtò mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tí fìlà jẹ́ mẹ́fà péré, èèyàn mẹ́fà ló máa múra pé. Amínò ásíìdì tó bá kéré jù lọ nínú oúnjẹ ló ń pinnu iye iṣan tí ara lè fi oúnjẹ náà mọ.

Àgbàjọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Láísíìnì, ọ̀kan nínú amínò ásíìdì mẹ́sàn-án náà, ló kéré jù nínú àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà àti àlìkámà. Nínú ẹ̀wà, láísíìnì pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òmíràn tí ń jẹ́ mẹtíónáìnì kéré. Mẹtíónáìnì yìí ni àgbàdo àti ìrẹsì ní tó. Ohun tí ọ̀kan kò ní, èkejì ní i. Bí wọ́n bá pàdé nínú ara, wọ́n á gbé ara wọn dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá dé.

Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ amínò ásíìdì kankan. Ẹ wo àdàlú. Wọ́n á gbé àgbàdo ka iná, wọ́n á da ẹ̀wà sí i, wọ́n á jẹ́ kí méjèèjì jinná pọ̀, kí epo pupa, ata àti àlùbọ́sà tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀wà mú láísíìnì wá, àgbàdo mú mẹtíónáìnì wá. Àgbàdo tún mú ohun kẹta wá: amínò ásíìdì kan tí ń jẹ́ lúsíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ ewéko lọ. Lúsíìnì ló ń sọ fún iṣan pé oúnjẹ ti dé, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Kò pọn dandan kí méjèèjì wà nínú abọ́ kan náà. Ní ọdún 1971, Frances Moore Lappé, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ara máa ń tọ́jú amínò ásíìdì díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹni tó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ tó sì jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án kò pàdánù ohunkóhun.

Sóyà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìnílò alábàáṣe. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ti ẹran. Ní ọdún 1908 ni wọ́n gbìn ín wò ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó wọ ìkòkò wa. Lónìí, wàrà sóyà tí àwọn kan ń pè ní bẹ̀skẹ̀ wà ní ojú pópó ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rà á jẹ láìmọ̀ pé ọ̀kan nínú oúnjẹ tó dára jù fún iṣan ni wọ́n mú lọ́wọ́.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì São Paulo ní Bràsíìlì gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́kùnrin 38 ni wọ́n kó jọ. Mọ́kàndínlógún nínú wọn kì í fẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Mọ́kàndínlógún tó kù ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ń gbé irin ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n ṣètò oúnjẹ wọn kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa rí gíráàmù 1.6 pùrótéènì lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Páúdà sóyà ni wọ́n fi kún ti àwọn tí kì í jẹ ẹran, páúdà tí wọ́n fi omi wàrà màlúù ṣe ni wọ́n fi kún ti àwọn yòókù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, wọ́n wọn ẹran ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì wọn agbára tí wọ́n lè fi ti irin. Itan ẹgbẹ́ méjèèjì ki sí i, agbára wọn lé sí i, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí láàárín wọn.

Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2015, wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin 161. Wọ́n fún àwọn kan ní pùrótéènì ẹ̀wà píì, wọ́n fún àwọn kan ní ti wàrà, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ kẹta ní páúdà tí kò ní pùrótéènì nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, iṣan apá àwọn tó mu ti ẹ̀wà píì kò kéré sí ti àwọn tó mu ti wàrà.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n tí wọ́n lò. Bí a bá fi ìwọ̀n kékeré kan náà wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pùrótéènì wàrà sábà máa ń ta iṣan jí ju ti ewéko lọ. Ìdí ni pé lúsíìnì inú ti ewéko kéré díẹ̀, èyí tó sì ń dà nínú ìfun kò tó ti ẹyin tàbí ẹran. Àwọn onímọ̀ ní Maastricht, ní Nẹ́dálándì, rí èyí lára àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ní ọdún 2016. Gíráàmù 35 pùrótéènì àlìkámà kò ṣe tó gíráàmù 35 ti wàrà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ti àlìkámà di 60, iṣan dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ewéko mọ iṣan gbọ́dọ̀ jẹ púpọ̀ sí i. 

Ní ọdún 2013, ní Toronto, Patrik Baboumian, ọkùnrin ará Jámánì tí kì í jẹ ohunkóhun tó wá lára ẹranko, gbé irin kílò 550 sí èjìká, ó sì fi rin mítà 10. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tó ní kò ṣeé ṣe mọ́.

Mélòó ló tó?

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní ọdún 2007 fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ni gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 65 nílò nǹkan bí gíráàmù 54. Ti ẹni tó ń gbé irin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, wọ́n kó àbọ̀ ìwádìí 49 jọ, èèyàn 1,863 ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n rí i pé pùrótéènì ń ran iṣan lọ́wọ́ títí dé nǹkan bí gíráàmù 1.6 fún kílò kan. Ohun tí a bá jẹ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ mú iṣan wá mọ́. Fún ẹni kílò 65 yẹn, gíráàmù 104 ni.

Níbo la ti máa rí i? Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní nǹkan bí gíráàmù 23 pùrótéènì. Ti sóyà tó 36, ti ẹ̀pà tó 25, ti ẹ̀gúsí tó 28. Gíráàmù 100 ẹran màlúù tútù ní nǹkan bí 20. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà máa ń fa omi mu bó ṣe ń jinná, débi pé gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè kì í ju 8 lọ. Abọ́ gbọ́dọ̀ kún. Ní ti gàrí, gíráàmù 100 rẹ̀ kò ní ju ọ̀kan tàbí méjì, ti iṣu náà kò sì tó 2. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wa wà. Àbùkù kò sí lára ẹ̀wà. Ohun tó ń ṣe wá ni pé a máa ń bu òkìtì ẹ̀bà tàbí àmàlà, a ó sì wá fi gbẹ̀gìrì díẹ̀ tẹ́ ẹ lójú.

Ẹ jẹ́ ká to oúnjẹ ọjọ́ kan fún ẹni kílò 65. Láàárọ̀, kó mu ògì pẹ̀lú àkàrà tí wọ́n fi gíráàmù 80 ẹ̀wà gbígbẹ ṣe: gíráàmù 22 pùrótéènì. Lọ́sàn-án, àdàlú tó ní gíráàmù 120 ẹ̀wà àti 80 àgbàdo nínú, kí a tó sè é: 35. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ méjì: 13. Lálẹ́, àmàlà tí kò pọ̀ jù, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí gíráàmù 40 ẹ̀gúsí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gíráàmù 150 wàrà sóyà dípò ẹran: nǹkan bí 34. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 104. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kò sí ní ọjà Bódìjà tàbí ní ọjà Mílé 12.

Àmàlà àti iṣu náà kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ló ń fi okun sínú iṣan kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò jẹ wọ́n tó, ara rẹ̀ á máa sun pùrótéènì dípò epo, iṣan á sì pàdánù ohun tó yẹ kí a fi mọ ọ́n.

Ọwọ́ ìyá tó ń bó ẹ̀wà

Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín. Ó rẹ ẹ̀wà sómi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo fi bó. Ó da omi sí i, èèpo léfòó, ó rọra da omi náà nù. Ó tún bu omi mìíràn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀wà fi funfun nínú abọ́. Omi tó ń dànù yẹn ń gbé oríṣi ṣúgà kan lọ tí ìfun wa kò lè dà, èyí tó máa ń fẹ́ inú. Èèpo náà ń gbé àwọn èròjà kan lọ tó máa ń di pùrótéènì àti èròjà irin mú kí ara má lè gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló lọ̀ ọ́ kúnná. Lílọ̀ yìí ń fọ́ ara hóró ẹ̀wà kí omi inú ikùn lè wọ ibi tí pùrótéènì wà. Nígbà tó bá wá sè é nínú ewé, ooru á pa àwọn èròjà tó máa ń dí dídà oúnjẹ lọ́wọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí àwọn kan ń pè ní wàhálà yìí ló ń sọ ẹ̀wà di ohun tí iṣan lè lò.

Sóyà ló nílò iná jù. Sóyà tútù, tàbí èyí tí kò jinná, kò dára fún jíjẹ rárá, nítorí èròjà tó ń dí dídà pùrótéènì lọ́wọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ń ṣe wàrà sóyà, kí omi sóyà hó dáadáa kí a tó fi omi ògì kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ mú un dì. Ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀gúsí tó bá ti hu, kí a dà á nù. Májèlé tí ẹbu ń fi sínú wọn máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán.

Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi abọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, kó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìfun á sì mọ́ ọn lára.

Ohun tí ewéko kò ní

Fítámì B12 kò sí nínú ewéko. Ara ń lò ó láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti láti tọ́jú ọpọlọ. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn B12. Ẹni tó ń fi ẹyin tàbí ẹja kún ẹ̀wà rẹ̀ déédéé lè má nílò ìyẹn.

Kíréátìnì, tó ń fún iṣan lágbára fún iṣẹ́ kíkankíkan tí kì í pẹ́, wà nínú ẹran àti ẹja, kò sí nínú ewéko. Ara lè ṣe díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú iṣan àwọn tí kì í jẹ ẹran máa ń kéré. Kì í ṣe àìsàn. Ó kàn lè dín agbára ẹni tó ń gbé irin ńlá kù díẹ̀.

Èròjà irin wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á bí ti ẹran. Tòmátò, ata tútù àti ọsàn máa ń ràn án lọ́wọ́. Tíì máa ń dí i lọ́nà, nítorí náà kí a má ṣe mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Àwọn tí kíndìnrín wọn kò le kò gbọ́dọ̀ fi pùrótéènì kún oúnjẹ wọn láìkọ́kọ́ rí dókítà.

Ọmọdé àti àgbàlagbà

Ọ̀rọ̀ iṣan kì í ṣe ti àwọn tó ń lọ sí jímù nìkan. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, ara wọn ń bó, apá wọn gbẹ. Àìsàn náà ni kwashiorkor. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú pùrótéènì àgbàdo máa ń bá èèrí lọ. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Oshòdì ní Èkó, tí a mọ̀ sí FIIRO, fi ṣe ògì alásóyà. Ìyá èyíkéyìí lè ṣe é nílé: kó yan sóyà kó jinná, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó sì fi kún ògì ọmọ.

Ní ìhà kejì, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lára wa. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ló ń yára. Àgbàlagbà tí kò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú ti pàdánù iṣan itan rẹ̀, ìṣubú kò sì jìnnà sí i. Àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn pé kí ẹni tó ti lé ní ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 pùrótéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán àti àmàlà pẹ̀lú ewédú la sábà máa ń gbé fún àwọn òbí wa àgbà, nítorí eyín wọn kò ká ẹran mọ́. Mọ́ínmọ́ín, èkuru, gbẹ̀gìrì tó ki àti wàrà sóyà kò nílò eyín. Ẹ jẹ́ kí ó máa wà nínú abọ́ wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa jókòó kí wọ́n máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ má dúró de owó ẹran kí ẹ tó tọ́jú ara yín. Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀wà, sóyà tàbí ẹ̀pà kún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹ sì wá iṣẹ́ tó wúwo fún apá àti ẹsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ 12 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin São Paulo fi rí tiwọn. Ẹ fún ara yín ní iye kan náà.